Omi Tí Kò Lè Pe Orúkọ Iná

“Yọ Nwakaego kúrò,” ni Àdìó wí, bí ẹni ń ní kí wọ́n ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Ìdérí ìgò tí Mùínàt ń fi ẹfun ya àmì omi sí lára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Nwakaego tó jẹ́ Erùpẹ̀ wa? Ta ni yóò wá ṣe Erùpẹ̀?”

“Súlìyát.”

“Súlìyát tó ń sunkún tí wọ́n bá ti gbá ìdérí rẹ̀?”

Súlìyát wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Ó ti ń fa imú.

“Yóò mọ́ ọn lára,” ni Àdìó dáhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Mùínàt ni, ẹnu rẹ̀ sì máa ń yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. “Gbọ́ mi. Bí gbogbo wa bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, a ó máa fi Yorùbá gbìmọ̀ létí Obiora, kò ní gbọ́ ohun kan. Tí Nwakaego bá wà láàárín wa, Ìgbò la máa sọ, gbogbo Okpoko á sì mọ ète wa. Ṣé ọ̀rẹ́ lo fẹ́ ni, àbí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì?”

Mùínàt fẹ́ méjèèjì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà, gbogbo Onitsha ló ń kọ́lé. Ogun ti parí, owó epo rọ̀bì ti dé, ibi tí o bá yíjú sí, àpò sìmẹ́ǹtì ni wàá rí. Ilé kan wà ní Okpoko, àdúgbò wọn, tí ogun ti ká òrùlé rẹ̀ lọ. Onílé ti tún da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ rẹ̀, ó dán bí abọ́ tánganran, ṣùgbọ́n kò tíì kan páànù. Gbogbo ibi yòókù ní Okpoko, ẹrẹ̀ ni, pàápàá lásìkò òjò. Òpópónà méjì, ti Mùínàt àti ti Obiora, ló ń du ilẹ̀ náà. Wọ́n wá fẹnu kò pé ẹgbẹ́ tó bá borí lọ́jọ́ Àìkú ni yóò ni ín ní gbogbo àsìkò ìsinmi.

Agbára Mẹ́rin ni wọ́n ń pe eré náà. Ẹni mẹ́rin ní í wà nínú ẹgbẹ́ kan: Iná, Omi, Atẹ́gùn àti Erùpẹ̀. Oníkálukú ní ìdérí ìgò tirẹ̀, ìka ló fi ń ta á. Tó bá gbá ti ọ̀tá, agbára ni yóò sọ ẹni tó kú. Omi ń pa iná. Iná ń jẹ atẹ́gùn. Atẹ́gùn ń gbá erùpẹ̀ lọ. Erùpẹ̀ ń fa omi mu. Bí òfin yìí kò bá kan agbára méjì tó pàdé, ẹni tí wọ́n gbá ló kú. Bí Omi àti Erùpẹ̀ ẹgbẹ́ kan bá sì fara kan ara wọn, wọ́n di Ẹrẹ̀, ọ̀tá tó bá wà nítòsí wọn ti rì nìyẹn. Wọn kì í fi eré yìí ṣeré rárá: Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa súfèé, Iná kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.

Òfin tó le jù ṣì kù. Kí o tó ta ìdérí rẹ, o gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹni tí o ń ta á sí, orúkọ náà lásán, láìfi ohunkóhun kún un. Ẹni tó bá ṣì í pè lẹ́ẹ̀mẹta ti kú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì kan ìdérí rẹ̀, yàtọ̀ sí ìka tó fi ń ta á, òun náà ti kú.

Nwakaego ló kọ́ Mùínàt bí wọ́n ṣe ń di Ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti ìyá Mùínàt jọ ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọjà Ochanja. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wọ sẹ́kọ́ńdìrì ló ti ń pe Mùínàt ní “nne,” bí ẹni ń pe ọmọ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Mùínàt lọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ẹ̀wà ló ń ṣà.

“Wọ́n ní kí o sinmi lọ́tẹ̀ yìí,” ni Mùínàt wí.

“Ta ni wọ́n?”

Mùínàt wo ẹ̀wà. Ẹ̀wà ò dáhùn.

“Ó dáa, Mùínàt,” ni Nwakaego wí. Kò sí “nne” níbẹ̀. Mùínàt lọ sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí kò sí létí rẹ̀ mọ́, tó sì ń dún síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Nítorí pé Nwakaego kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ọ̀tún àti òsì gbà pé òun ni kó ṣe adájọ́. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá Mùínàt ń dirun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Àdìó ni Iná, Bílíkísù ni Atẹ́gùn, Súlìyát ni Erùpẹ̀, Mùínàt ni Omi. Kò sí ohun tó kù. Mùínàt tún un kà, ó pé.

Ni Obiora bá yọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbẹ̀yìn fi okùn ìwọ̀n aṣọ kọ́rùn. Bùrọ̀dá Gàfárù ni, télọ̀ tó ti pọn Mùínàt rí nígbà tó wà ní jòjòló.

Mùínàt, Bílíkísù àti Súlìyát kúnlẹ̀ gbì. Àdìó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ káàsán sà, Bùrọ̀dá Gàfárù.”

Obiora fọwọ́ bo ẹnu. “Ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ti ṣubú.”

“Ẹ dìde, ẹ̀yin ọ̀tá mi,” ni Gàfárù wí. “Èmi ni Iná.”

“Àgbàlagbà ni,” ni Àdìó ké sí adájọ́.

“Òpópónà wa ló ń gbé,” ni Obiora dáhùn. “Níbo ni òfin ti ní télọ̀ ò gbọdọ̀ ṣeré?”

Kò sí níbì kankan. Nwakaego fi orí sọ pé ó gbà, eré bẹ̀rẹ̀.

Àdìó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní Yorùbá: “Bílíkísù, gba ọ̀tún, gbá Erùpẹ̀ wọn.”

“Obiora, ọ̀tún rẹ o,” ni Gàfárù fi Ìgbò wí, láìgbójú sókè.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo ara wọn. Èdè tí wọ́n fẹ́ fi sá pamọ́ ló wá di àgogo. Tí wọ́n bá sọ Ìgbò, gbogbo ọ̀tá gbọ́. Tí wọ́n bá sọ Yorùbá, Gàfárù gbọ́. Bílíkísù tó ń lọ sí ilé kéwú gbìyànjú Lárúbáwá, ṣùgbọ́n orúkọ lẹ́tà nìkan ló mọ̀. “Alifu,” ló sọ. Àdìó sáré sí òsì. Súlìyát sáré sí ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí Alifu wà.

Súlìyát ló kọ́kọ́ kú. Ó yẹ kó ta ìdérí rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gàfárù, kí Omi wá bá a níbẹ̀, kí wọ́n di Ẹrẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló la ẹnu, ẹ̀ẹ̀mẹta ni “Bùrọ̀dá” jáde. Ó kú, ó sunkún, ó lọ jókòó. Iná Gàfárù jẹ Atẹ́gùn Bílíkísù níbi tó ti ń súfèé. Àdìó pa Atẹ́gùn àti Erùpẹ̀ wọn, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi rẹ́rìn-ín. Iná kì í rẹ́rìn-ín. Òun náà kú. Ó ku Obiora tó jẹ́ Omi wọn, Mùínàt ló kọ́kọ́ gbá a, ó kú. Ó wá ku Omi Mùínàt àti Iná Gàfárù.

Gbogbo ọmọ òpópónà Mùínàt hó. Omi kojú iná, kí ló tún kù? Iná ò lè ṣe omi ní nǹkan kan. Ìdérí Gàfárù wà níwájú rẹ̀, kò jìnnà. Kí Mùínàt kàn pe orúkọ, kó ta á.

“Bùrọ̀dá Gàfárù,” ló wí.

“Bùrọ̀dá kì í ṣe orúkọ,” ni Nwakaego wí jẹ́jẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n wa Gàfárù.”

“Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.”

Mùínàt wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dá ọwọ́ irun dúró. Bí Mùínàt bá pè é, ó ti rí àgbà fín. Bí kò bá pè é, ilẹ̀ lọ. Ó wá rí ọ̀nà kan, ó sì rò pé ọgbọ́n ni: ó kúnlẹ̀ kó tó pè é.

“Gàfárù,” ló wí, pẹ̀lú orúnkún méjèèjì nílẹ̀.

Nwakaego na ìka sí ìsàlẹ̀. Ìdérí Omi wà lábẹ́ orúnkún Mùínàt, ó ti pẹlẹbẹ.

“Ara kan ìdérí,” ni adájọ́ wí.

“Ta ni mo gbọ́ tó pe Gàfárù?” ni ìyá Mùínàt bèèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe pàdánù ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, tí Mùínàt sì tún fetí gba ìbáwí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Nwakaego nídìí ẹ̀wà. “Èmi ni wọ́n,” ló wí. “Lọ́jọ́ tí o bèèrè. Kì í ṣe Àdìó. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí ilẹ̀ yẹn, mo sì tì ọ́ sẹ́yìn. Jọ̀ọ́, biko, má bínú.”

Nwakaego ṣa ẹ̀wà títí. “Tí mo bá pe Gàfárù, ṣé ìyá rẹ máa nà mí?”

“Kò kàn ọ́. Gbogbo Okpoko ló ń pè é bẹ́ẹ̀.”

“Ó dáa, nne.”

Obiora, tí orí rẹ̀ ti wú, gbà kí wọ́n tún un ṣe. Àdìó ń wo ẹni tí wọn yóò yọ, ni Súlìyát bá nawọ́ sókè: “Èmi ni, ẹ jọ̀ọ́.” Wọ́n fi í ṣe adájọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìgbò ni wọ́n sọ, gbangba, Gàfárù sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Gàfárù,” ni Nwakaego pè, bí ẹni ń pe oníbàárà ní Ochanja.

“Mo ń bọ̀, mà,” ni télọ̀ dáhùn kó tó mọ̀.

Ìdérí Erùpẹ̀ yí lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iná. Ó ku Omi. Orúkọ tí Mùínàt máa pè báyìí kì í ṣe ti àgbà kankan.

“Nwakaego,” ló wí. Ó ta ìdérí rẹ̀. Omi kan Erùpẹ̀, wọ́n di Ẹrẹ̀, Gàfárù rì. Kò pẹ́ tí Obiora àti àwọn yòókù fi tẹ̀ lé e.

Ohùn kan hó ju gbogbo ohùn lọ. Ìyá Mùínàt ni.

Gàfárù gbọn sìmẹ́ǹtì kúrò lórúnkún. “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè,” ló wí. “Mùínàt, ohun tí ẹnu rẹ ò lè pè, ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ ló pè é.”

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, káfíńtà dé pẹ̀lú páànù, wọ́n sì lé gbogbo wọn jáde. Ilẹ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fẹ́ sọ ọ̀rẹ́ nù kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ lọ́wọ́ wọn. Mùínàt àti Nwakaego jọ ya ìlà tuntun sínú ẹrẹ̀ Okpoko, Obiora náà sì wá bá wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó jọ yín pátá kò ní í lè bá yín ṣe ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè ṣe. Ẹ má ṣe tìtorí ẹnu ẹgbẹ́ ti ọ̀rẹ́ tòótọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ tó ti jókòó ṣe adájọ́ yín.