Gọ́ọ̀mù Ilẹ̀ Pálọ̀ Màmá Susanna

Orí eékún ni Adédoyin wà nígbà tí Dìran kọ́kọ́ rí i. Ó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù òfìfo kan ní Sabon Gari, ní Kano, ó fi aṣọ bo imú, ó ń fi irin pẹlẹbẹ fá gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi lẹ kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ó ń kọrin. Dìran, tó ń gbé aṣọ bọ̀ láti ọjà Kantin Kwari fún oníbàárà, gbàgbé ibi tó ń lọ. Ó yà wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Yauwa, sannu," ni Doyin fi Hausa dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Má tẹ ibẹ̀ yẹn. Gọ́ọ̀mù á mú ẹ."

Ó ti tẹ̀ ẹ́. Doyin gbójú sókè, ó rí ọkùnrin gíga kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ẹrù aṣọ léjìká, tí bàtà rẹ̀ kejì lẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin. Ẹ̀rín pa á.

"Mo níṣẹ́ fún ọ," Dìran sáré sọ, kí Doyin má bàa ní kó máa lọ. "Pálọ̀ ìyá mi. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ibẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó ti ya, ó sì ti gbé màmá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣé iṣẹ́ lo gbé wá, àbí o fẹ́ kí n bá ọ yọ bàtà?"

"Méjèèjì ni."

Opó ni Màmá Susanna, ìyá Dìran, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti pẹ́ ní Kano. Inú rẹ̀ ò dùn sí Doyin. Railway Quarters ni wọ́n bí Doyin sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti tún ọkọ̀ ojú irin ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Hausa ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, "Ina kwana, Mama" ló fi kí ìyá àgbà náà, pẹ̀lú irin lọ́wọ́.

"Iṣẹ́ ọkùnrin lọ́wọ́, èdè Gambari lẹ́nu," màmá sọ fún ọmọ rẹ̀ nínú kíṣìnì. "Dìran, mo rí bó o ṣe ń wò ó. Iṣẹ́ ilẹ̀ nìkan ni kó ṣe nílé yìí o."

Ohùn rẹ̀ ò kéré. Doyin gbọ́, ó sì ń báṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ méjì ni Dìran fi pẹ́ dé ọjà torí pé ó ń bá Doyin ṣiṣẹ́. Doyin kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ la kápẹ́ẹ̀tì náà ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń wọ́n omi sí i kí eruku má sọ, bí wọ́n ṣe ń rọra ká a. Gọ́ọ̀mù tó kù sílẹ̀ ni wọ́n tẹ́ àkísà tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná lé lórí, wọ́n wá jókòó dè é kó rọ̀.

"Ṣé ká da epo ọkọ̀ sí i?" Dìran bi í.

"Rárá. Omi gbígbóná àti sùúrù."

Nínú ìjókòó yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Dìran ń fi Yorùbá Doyin ṣe yẹ̀yẹ́, Doyin náà ń fi bí Dìran ṣe ń di irin mú ṣe yẹ̀yẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọn kanra lórí àkísà kan náà, kò sẹ́ni tó yára fà á padà.

Lọ́jọ́ kẹta, Doyin lọ ra abẹ tuntun fún irin rẹ̀. Dìran fẹ́ kó bá ilẹ̀ tó mọ́ nígbà tó bá dé. Ẹnìkan lọ́jà ti sọ fún un pé pẹtiróòlù máa ń jẹ gọ́ọ̀mù, ló bá da odindi ìgò kan sílẹ̀.

Ẹnu géètì ni Doyin ti gbóòórùn rẹ̀. Ó sáré kọjá lára Dìran, ó wọ kíṣìnì, ó bá Màmá Susanna pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́ níwájú sítóòfù. Ó já ìṣáná gbà, ó fa màmá jáde sí àgbàlá, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó da iyanrìn bo ilẹ̀ pálọ̀. Ó wá kọjú sí Dìran.

"Ìṣáná kan ló kù, Dìran. Màmá ẹ ì bá ti jóná."

"Mo fẹ́ kó tètè tán ni."

"Mo ní ká má da epo sí i. O ò gbọ́ tèmi." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Doyin ò fi gbé fóònù Dìran. Dìran kó iyanrìn náà dànù, ó fọ ilẹ̀, ó gbé omi kaná, ó ra irin pẹlẹbẹ méjì, ó sì kúnlẹ̀ sídìí gọ́ọ̀mù tó kù. Kò lọ sọ́jà mọ́. Màmá Susanna ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó wé gèlè, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Railway Quarters.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Doyin, "mo wá dúpẹ́ ẹ̀mí mi. Mo sì wá bẹ̀ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní kíṣìnì. Mo mọ̀ pé o gbọ́."

"Mo gbọ́, Mà. Ó dùn mí."

"Má bínú. Mo ṣì ọ́ wò." Màmá mí kanlẹ̀. "Wá wo ọkùnrin yẹn kó tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dìde dúró."

Doyin rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Ilẹ̀ símẹ́ńtì pupa ni Doyin bá ní pálọ̀ nígbà tó dé ibẹ̀, ó ń dán, àfi igun kan lẹ́bàá fèrèsé. Dìran ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dẹwọ́ lórí irin yẹn díẹ̀. O máa ha símẹ́ńtì."

Dìran yíjú. "Mi ò lo epo."

"Imú mi ti sọ fún mi." Ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbé irin kejì. Wọ́n fá igun náà tán.

"Doyin," Dìran sọ, "mo dẹ́ṣẹ̀ ìkánjú. Tó o bá ní kí n dúró dè ọ́ fún ọdún méjì, màá dúró. Fẹ́ mi, ààyò mi. Ìgbà tó bá wù ọ́."

"Ọdún méjì ti pẹ́ jù, wallahi," Doyin sọ. "Wá rí bàbá mi ní Sátidé."

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣègbéyàwó, ọyẹ́ sì ti mú ní Kano. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá Susanna ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi tútù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì dì í lọ́wọ́ mú wọlé.