Ẹni Tó Ń Jókòó Tì Wọ́n

Kò sí àbùlà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni, iná ń tàn, ojú gbogbo wọn sì là kedere.

Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ fún àwọn ilé ìwòsàn. Kí òṣìṣẹ́ tuntun tó lè kọ ohunkóhun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to gbogbo irinṣẹ́ iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìyẹn sì le bí ojú ẹja. Ọkùnrin àgbà kan ló máa ń bá wọn ṣe é. Á fa àga, á jókòó tì ọ́ láti àárọ̀ títí tí wàá fi parí, kò ní bínú, kò ní kánjú. Bàbá Jókòó ni wọ́n sọ ọ́. Òórùn ìpara tó fi ń pa orúnkún rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn ńkọ́? Kíákíá ni wọ́n ń pè é, torí kò lè rí ohun tó ń falẹ̀ kó má dá sí i. Òun ló lọ bá Bàbá.

"Ẹ kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, sà. Kí ẹ lè máa sinmi díẹ̀."

Bàbá kọ́ ọ, kò fi ohunkóhun pamọ́. Kíákíá kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ àṣẹ kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Tẹ̀ ẹ́, lọ mu tíì. Kó o tó padà dé, kọ̀ǹpútà ti to ara rẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ bi Kíákíá pé, "Ṣé a ṣì nílò bàbá yìí?"

Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó wolẹ̀. Ó dákẹ́. Wọ́n ní kí Bàbá máa lọ sílé. Nígbà tí Bàbá ń lọ, ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fẹ́ kí òun sinmi. Ọpẹ́ yẹn ló ń gún Kíákíá láyà. Àwọn àgbà ní ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, kò sì sí òwe tó tún ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí gbogbo wọn máa fi ọ̀rọ̀ àṣẹ náà tún kọ̀ǹpútà wọn tò pé. Ìyá Ìbejì, tí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ń sáré lójú kọ̀ǹpútà.

Àga kan wọ́ nílẹ̀.

"Ta ló fa àga?" Kíákíá bèèrè.

Kò sẹ́ni tó fà á. Ìyá Ìbejì kò yíjú. Ó kàn sún díẹ̀, bí ẹni tó ń fún ẹlòmíì láyè. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó yíjú sí wọn.

"Ẹnì kan jókòó tì mí," ó ní.

"Ta ni?"

"Ẹ gbóòórùn."

Wọ́n gbóòórùn. Ìpara ni.

Aláwàdà wọn bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n lé Bàbá, Bàbá ò gbà!" Òun náà tẹ ti ẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbọ́ tó ń sọ fún àga òfìfo pé, "Ẹ ṣé, sà."

Kò bani lẹ́rù, ni gbogbo wọn ń sọ. Ó ń tuni lára ni. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń pa gbogbo irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà wọn rẹ́ láìnídìí, kí wọ́n lè tún un tò. Ọ̀gá àgbà ń yin Kíákíá, wọ́n tilẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ àṣẹ náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wọn tó kù.

Kíákíá tú ohun tó kọ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí ohun tó lè mú èyí wá níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó pa gbogbo irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ rẹ́. Ó fa àga kan sún mọ́ra. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ jókòó, sà," ó ní, jẹ́jẹ́. "Mo fẹ́ bẹ̀ yín ni."

Àga kò mira. Kíákíá ò gbóòórùn ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà to ara rẹ̀ tán, ó dákẹ́. Kíákíá tún un ṣe. Bákan náà ni. Bàbá tó ń bá gbogbo ayé jókòó kò wá sọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó gbórí lé tábìlì, ó sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó lọ sílé Bàbá. Ìyàwó Bàbá ló ṣílẹ̀kùn.

"Ìwọ ni? Bàbá mà ń yìn ọ́ o! Wọlé."

"Ẹ kú ilé, mà. Bàbá ńkọ́?"

"Ó ń sùn. Oorun yìí ò yé mi mọ́, ọmọ mi. Tó bá jí, á ní ibi iṣẹ́ lòun ti ń bọ̀."

Bàbá wà lórí àga ní pálọ̀, ó dijú. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí itan rẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ nǹkan. Kíákíá kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n ṣì nílò yín, mo sì dákẹ́. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n lé yín. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dárí jì mí."

Ètè Bàbá mì.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ó ní, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

Àyà Kíákíá fúyẹ́. Ó gbójú sókè, omi ń dà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ni Bàbá kọjú sí, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi ògiri. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Gbogbo wa la máa ń ṣì í tẹ̀," ni Bàbá ń bá a lọ. "Kí lorúkọ rẹ? Ṣé òní lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

Kíákíá di èjìká rẹ̀ mú, ó mì ín. Kò jí. Ó yíjú wo ìyàwó Bàbá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí Kíákíá jẹ́wọ́.