Àwòrán tí Wọn Kò Rà Padà

Fèrèmù òfìfo nìkan ló kù lára ògiri. Àwòrán Kapitéènì Kasonde, awakọ̀ hẹlikópítà tó kú níbi ìdánrawò àwọn ológun lọ́dún tó kọjá, ti pòórá láàárọ̀ ọjọ́ ìrántí rẹ̀ gan-an. Bupe, ìyàwó rẹ̀, ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Àwọn ológun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìmọ̀-ọ́n-wà ọkọ rẹ̀ ló pa á. Ọ̀rọ̀ yẹn ti há obìnrin náà mọ́lé bí ẹlẹ́wọ̀n. Kò lè lọ sọ́jà kí wọ́n má nàka sí i.

Inspẹ́kítọ̀ Sitali ní kí wọ́n ti géètì. "Ta ló fọwọ́ kan ẹrù ilé yìí?"

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn tó wá síbi ìrántí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, Jere ni! Kí ni kò fọwọ́ kàn?"

Sájẹ́ńtì Jere ni mẹkáníìkì tó ń tún hẹlikópítà olóògbé ṣe. Ọmọ ẹ̀yà Ngoni ni, ọmọ ẹ̀yà Bemba sì ni Kasonde. Ogun àtijọ́ àárín ẹ̀yà méjèèjì ti di ẹ̀fẹ̀: nílé òkú Bemba, Ngoni lè bú òkú, ó lè gbé ẹrù sá, àwọn ẹbí òkú á sì fi ọtí rà á padà. Láti òwúrọ̀ ni Jere ti ń gbé ìkòkò, tó ń gbé àga, tó ń pariwo pé, "Ọ̀lẹ yìí ti sùn lọ, ẹ jẹ́ n kó ogún mi!"

"Ìwọ lo gbé àwòrán?" Sitali bi í.

"Ọ̀gá, ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?"

"Bóyá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn rẹ̀ ni."

Sitali lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán tó ya Kasonde, tó ṣì tọ́jú fíìmù àwòrán náà. Nígbà tó padà dé, ó gbé ẹ̀dà tuntun sórí tábìlì.

"Jere, o gba ọtí lórí ìkòkò, o gba ọtí lórí àga. O ò bèèrè nǹkan kan lórí àwòrán. Ẹlẹ́fẹ̀ kì í fi ohun tó gbé pamọ́." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ̀rín Kasonde ni gbogbo yín ń wò. Ẹ wo pátákó irinṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà pupa ya ojú ibi tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wà síbẹ̀. Bí ojú kan bá ṣófo, hẹlikópítà kò gbọdọ̀ gbéra, torí irinṣẹ́ náà lè ti há sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ojú sípánà kan ṣófo. Àárọ̀ ọjọ́ tó kú ni ayàwòrán ya á. Jere ló fọwọ́ sí i pé irinṣẹ́ pé. Lọ́sàn-án yìí, níbi ìsìn ìrántí tí a fẹ́ gbé àwòrán náà lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo mẹkáníìkì bárékè ni ìbá rí i."

Jere ní, "Mo wá sípánà yẹn títí. Àwọn ọ̀gá ń kán mi lójú, mo bá fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, n kò rí ọ̀nà jáde."

Bupe súnmọ́ ọn. "Jere, ọtí ni mo fi ra ìkòkò mi. Orúkọ ọkọ mi ńkọ́? Kí ni kí n fi rà á lọ́wọ́ rẹ?"

Jere bọ́ fìlà, ó bèèrè bíírò àti ìwé. Wọn kò ṣí géètì títí ó fi kọ ẹ̀bi ara rẹ̀ sílẹ̀ tán.