Páálí Keje

"Dúró! Mo ní kó o dúró, ìwọ ajá aláìgbọ́ràn yìí!"

Jẹ́jẹ́ kò dúró. Ó fa okùn ọrùn rẹ̀, ó fa ọmọbìnrin tó di okùn náà mú, àwọn méjèèjì sì balẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ẹni tó sọ ajá náà ní Jẹ́jẹ́ ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì ṣe nǹkan kan jẹ́jẹ́ rí, àfi oorun.

"Ọ̀gá Kékeré, ṣé ìwọ lò ń kọ́ ajá ni, àbí ajá ló ń kọ́ ẹ?" Ìyá rẹ̀ ló ń béèrè láti ojú fèrèsé, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo èèyàn inú ọgbà ìkọ́ni ajá náà ń pe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí, torí pé láti kékeré ló ti ń pàṣẹ fún àwọn ajá tó ga jù ú lọ. Ìyá rẹ̀ ni olùkọ́ àgbà níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ ajá bí yóò ṣe máa fi imú wá eyín erin tí àwọn apẹranko láìgbàṣẹ ń fi pamọ́ sínú ọkọ̀. Bí ajá bá ti gbóòórùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbó, kò gbọdọ̀ họ nǹkan kan. Yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni, wọ́n á sì ju bọ́ọ̀lù rọ́bà sí i kó fi ṣeré. Nítorí bọ́ọ̀lù yẹn, ajá á fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́. Bó bá yege, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó á mú un lọ sójú ọ̀nà.

Oṣù mẹ́jọ ni Ọ̀gá Kékeré ti ń kọ́ Jẹ́jẹ́ bó bá ti ilé-ìwé dé. Ajá náà ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì ń fún ajá láyè. Bó bá tún kùnà lónìí, ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan ti ṣetán láti gbà á. Ẹ̀wọ̀n ni wọn yóò fi so ó mọ́ géètì níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Láti ìgbà tí Ọ̀gá Kékeré ti gbọ́ èyí ni oúnjẹ kò ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́.

"Ọwọ́ ẹ ni kó o mójú tó," ni ìyá rẹ̀ tún sọ. "Ajá mọ ojú èèyàn kà ju bó o ṣe mọ ìwé kà lọ. Ohun tó o bá ń rò, á gba ara okùn yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó di okùn mú kò fi gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n gbé nǹkan pamọ́ sí. Páálí méjìlá ni wọ́n máa ń tò sórí ìlà nínú gbọ̀ngàn. Bùrọ̀dá Sítọ́ọ̀, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹrù ọgbà náà, á wọ ìbọ̀wọ́, á fi agolo tí ègé eyín erin wà nínú rẹ̀ sínú ọ̀kan, á sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá Sítọ́ọ̀ láàánú ju bó ṣe yẹ lọ. Bó ṣe ń jáde, ó rí Ọ̀gá Kékeré tó ń nu ẹrọ̀fọ̀ lára Jẹ́jẹ́, tí omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àbúrò mi, nu ojú ẹ. Páálí keje ni. O ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o."

Kó tó lanu, ọkùnrin náà ti lọ. Ọmọ náà mọ ohun tó yẹ kóun ṣe: kóun lọ sọ fún ìyá òun, kí wọ́n sì gbé agolo náà pamọ́ síbòmíì. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀wọ̀n ara géètì, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Aṣàyẹ̀wò, bàbá arúgbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀, jókòó sí igun gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé lórí itan rẹ̀. Ìyá ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó yá," ni bàbá náà wí.

Jẹ́jẹ́ wọlé bí ajá mìíràn. Gbogbo eré ti tán lójú rẹ̀. Ó gbóòórùn páálí kìíní, ó kọjá. Ó gbóòórùn ìkejì, ó kọjá. Ó dé ìkeje. Ajá náà ti imú mọ́ ẹ̀gbẹ́ páálí náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó kọjá ìkẹjọ, ó kọjá ìkẹsàn-án. Nídìí ìkẹwàá, ó jókòó wọ̀ọ̀.

Yéè, ó ti bà á jẹ́, ni ọmọ náà rò. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ fa okùn. Jẹ́jẹ́ wò ó. Ó tún fà á. Ajá náà dìde, ọ̀rọ̀ ti rú u lójú, ó tẹ̀ lé e padà sídìí ìkeje. Kò tiẹ̀ gbóòórùn páálí mọ́. Ojú ọmọ náà ló ń wò. Ó jókòó.

"Ó ti rí i, sà," ni Ọ̀gá Kékeré wí.

Aṣàyẹ̀wò dìde, ó ṣí páálí keje. Àkísà ló bá níbẹ̀. Ó rìn lọ sídìí ìkẹwàá, ó sì mú agolo jáde.

"Ìdí páálí keje ti ya," ni bàbá náà sọ. "Nígbà tí mo rí i, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀, mo sì gbé agolo lọ sí ìkẹwàá. Ó ṣeni láàánú. Ohun tí ajá yìí gbóòórùn kò dá a lójú. Kò lè ṣe iṣẹ́ yìí." Ó fa bírò yọ.

Kò sẹ́ni tó ń wo Ọ̀gá Kékeré. Bó bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Jẹ́jẹ́ nìkan ló tẹjú mọ́ ọn, ó ń ju ìrù, ó ń retí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ojú ti ọmọ náà gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má kọ ọ́! Ajá mi rí i, èmi ni mo fà á kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé páálí keje ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ohùn ìyá rẹ̀ le.

Bùrọ̀dá Sítọ́ọ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń họ orí. "Èmi ni, mà. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí."

"Àánú? Bí ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wa dípò kó fimú ṣiṣẹ́, ọkọ̀ tó kún fún eyín erin á kọjá níwájú ẹ̀, ajá á sì máa ju ìrù sí awakọ̀. Àwọn erin ńkọ́? Ta ló ń ṣàánú tiwọn?"

Aṣàyẹ̀wò ya ìwé tó fẹ́ kọ, ó sì bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Ìdánwò tòní kò kà mọ́; ọ̀la ni Jẹ́jẹ́ yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹni tó bá sì bá a yege ni yóò mú un lọ. Bùrọ̀dá Sítọ́ọ̀ kò ní gbé agolo pamọ́ mọ́. Ọ̀gá Kékeré kò ní fọwọ́ kan okùn ajá fún oṣù mẹ́ta. Abọ́ ajá ni yóò máa fọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, níbi tó ti ń fọ abọ́, ó gbọ́ tí ìró bọ́ọ̀lù ń dún nínú gbọ̀ngàn, ó sì pariwo ayọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ bẹ́ sínú ọkọ̀ obìnrin ẹ̀ṣọ́ igbó tí wọ́n jọ yege, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rántí pé ojú ọ̀nà ló ń lọ, pé kì í ṣe ìdí géètì, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, obìnrin náà mú Jẹ́jẹ́ wá sí ọgbà, ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

"Ọ̀gá Kékeré, wá gbọ́! Ọkọ̀ akẹ́rù kan la dá dúró lánàá. Ìgò lásán ló kó. A tú gbogbo ẹ̀, a ò rí nǹkan kan, àmọ́ Jẹ́jẹ́ jókòó ti táyà kan tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, kò dìde. Awakọ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo ti di okùn mú kí n fà á. Ni mo bá rántí ẹ. Mo ní, rárá, ajá yìí ti rí ohun témi ò rí. La bá ya táyà. Ègé eyín erin mẹ́rìnlá!"

Ẹ̀rín kún ẹnu Ọ̀gá Kékeré. Ó dùn ún pé òun kọ́ ló di okùn náà mú, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe rò lọ. Ó ti wá yé e pé ìdáhùn tóun jí gbọ́ ni kò jẹ́ kóun rí èyí tó tọ́ nígbà tí Jẹ́jẹ́ jókòó tì í níwájú òun, àti pé ká ní òun panu mọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, ajá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ì bá jìyà ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ó sọ òótọ́, ó pàdánù ajá, kò sì kábàámọ̀. Ó fọwọ́ pa Jẹ́jẹ́ létí títí ajá náà fi dijú, ó sì padà sídìí abọ́ rẹ̀. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí oṣù mẹ́ta rẹ̀ pé.