Agogo Tí Wọ́n Fi Koríko Dí Lẹ́nu

Agogo ni Korbinian kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí obìnrin náà. Ó ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro lọ nílùú Linz, òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì, ni nǹkan bá ń dún gbọ̀-ọ̀n, gbọ̀-ọ̀n, lẹ́yìn rẹ̀. Ó rò pé irin kan ti yẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn. Obìnrin kan ló rí, irun rẹ̀ pupa bí ewé tó fẹ́ wọ́, ó gbé agogo màlúù ńlá lé itan bí ẹni gbé ọmọ.

"Ẹ má bínú," obìnrin náà ní. "Bàbá mi ló ni ín. Mo gbé e wá tún ṣe ni."

"Ṣé màlúù náà ń bọ̀ lẹ́yìn ni? Ṣé kí n dúró dè é?"

"Rárá o. Ó ní ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn. Ọkọ̀ yín ń falẹ̀ jù."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Korbinian tún ń wakọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò nínú dígí mọ́.

Burgi lorúkọ obìnrin náà, nọ́ọ̀sì ni ní Linz níbẹ̀. Kí yìnyín ọdún náà tó yọ́, wọn kì í jẹun alẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́.

Àmọ́ ìyọnu wà. Gidi, bàbá Burgi, darandaran ni ní àfonífojì wa níbí, ní Tirol, ilẹ̀ àwọn òkè ńláńlá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Burgi nìkan ló ní. Nígbà tí Korbinian wá kí i, kò gbé ife kankan síwájú rẹ̀. Ní ìlú wa, ẹni tí wọn ò gbé ife síwájú rẹ̀ ti gba èsì.

"Ẹni tí irin ń darí," Gidi ní. "Kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì. Ṣé òun ló máa wá tọ́jú màlúù?"

"Bàbá, èmi ló fẹ́ fẹ́. Kò fẹ́ màlúù."

"Kó má tún wọ ilé yìí nígbà náà."

"Ó dáa. Èmi náà ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Bí ẹ bá kú sórí òkè yẹn, kí wọ́n má pè mí!"

Ẹyin lohùn. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, gbogbo wa la gbọ́. Gidi kó ẹran rẹ̀ gòkè lọ jẹko. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ọ̀rọ̀ láàárín bàbá àtọmọ.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, Korbinian gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá afárá wa. Ó ní kí wọ́n wá sinmi lópin ọ̀sẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe: Sátidé yẹn ni màlúù ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, Burgi ò lè jẹun.

"Ìfẹ́ mi, ṣíbí tó ò ń yí yẹn ti pọ̀ jù. Òòyì ti ń kọ́ ọbẹ̀."

Burgi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tí orí wọn bá ṣófo ńkọ́?"

"Orí ta ni?"

"Orí màlúù. Tí ikú ò bá pa ẹnikẹ́ni lórí òkè, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ẹran, a máa ń fi òdòdó dé wọn lórí bọ̀. Tó bá pa, orí òfìfo ni wọ́n ń gbé bọ̀. A ó sì fi koríko gbígbẹ dí agogo lẹ́nu." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá mi ò ní fóònù, Kori. Kùrukùru ti bo òkè yẹn, ọjọ́ ti pẹ́."

Korbinian dì í lọ́wọ́ mú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èrò kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Agbo kìíní kọjá, òdòdó ń mì lórí wọn. Agbo kejì kọjá. Àwa ará ilé ń wo Burgi. Kò sẹ́ni tó kí i. Ẹ̀rù ń bà wá láti kí i.

Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ agogo mọ́. Pátákò ẹsẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Màlúù Gidi yọ nínú kùrukùru, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Orí gbogbo wọn ṣófo.

"Bàbá mi o!" Burgi kígbe. "Ẹnu mi ni mo fi pa á!"

"Dúró ná. Wò ó. Ìfẹ́ mi, wo ẹ̀yìn."

Ní ẹ̀yìn pátápátá, bàbá arúgbó kan ń tiro bọ̀. Wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ kan mọ́ àyà. Agogo ńlá wà ní èjìká rẹ̀ kejì, koríko kún ẹnu agogo náà.

Burgi sáré lọ. Nígbà tó dé iwájú rẹ̀, ó dúró. Bàbá rẹ̀ náà dúró.

"Gamsl ni," Gidi ní. Gamsl ni màlúù tó máa ń ṣíwájú agbo, òun ló ń wọ agogo yẹn. "Kùrukùru ni. Ó yọ̀ ṣubú. Mo fẹ́ dì í mú."

"Apá yín ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ni mí, Bàbá! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ránṣẹ́ pè mí?"

"Ìwọ lo ní kí wọ́n má pè ọ́."

Ni igbe bá sọ. Àwọn màlúù ti dé afárá, wọ́n dúró. Odò ti kún, ó ń bú. Kò sí Gamsl níwájú, wọn ò mọ ẹni tí wọn máa tẹ̀ lé. Àwọn ti ẹ̀yìn ń ti àwọn ti iwájú lọ sí bèbè. Gidi kígbe, odò gbé ohùn rẹ̀ mì.

"Bàbá," Korbinian ní, "ẹ jẹ́ kí agogo yẹn dún. Òun ni wọ́n mọ̀."

"Òkú là ń ṣọ̀fọ̀. Má fọwọ́ kàn án!"

Burgi ń wo àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ bèbè ya. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ màlúù kan yọ̀ sínú omi.

Gidi wo ọmọ màlúù náà. Ó wo Korbinian. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáṣá fa koríko yọ.

"Gbà."

Agogo náà wúwo ju ọwọ́ lọ. Korbinian gbé e kọ́ ọrùn.

"Má sáré," Gidi ní. "Má wẹ̀yìn. Má yà síbì kankan. Máa lọ tààrà."

"Bàbá, iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ó gun afárá. Gbọ̀-ọ̀n. Gbọ̀-ọ̀n. A mú èémí dúró. Màlúù kan na etí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Gbọ̀-ọ̀n. Òmíràn tẹ̀ lé e. Burgi ti kó sínú omi dé orúnkún, ó ń ti ọmọ màlúù yẹn nídìí títí tó fi gòkè. Gbogbo wọn kọjá lẹ́yìn awakọ̀, wọ́n tò bí èrò.

Ní òdìkejì, Korbinian fẹ́ bọ́ agogo. Gidi di okùn awọ agogo náà mú.

"Fi í sọ́rùn. A kì í bọ́ agogo lójú ọ̀nà. Ó dìgbà téèyàn bá délé."

"Ilé ta ni, Bàbá?" Burgi béèrè.

"Ilé tiwa. Àbí ilé mélòó ni mo ní?" Ó wo Korbinian láti òkè dé ilẹ̀. "Wò ó bó ṣe rù. Ṣé wọn kì í fún awakọ̀ lóúnjẹ ní Linz ni?"

Nígbà náà ni ẹkún gbọ̀n Burgi. Ó gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀ tó dá ṣáṣá. "Ẹ dárí jì mí." Gidi fọwọ́ pa á lórí lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, odò ń pariwo jù.

Nílé, Burgi tún apá bàbá rẹ̀ dì. Ó bu koríko gbígbẹ, ó fi dí agogo náà lẹ́nu padà, nítorí Gamsl.

"Ìgbà wo ló máa tún dún?" Korbinian béèrè.

"Ìgbà tó o bá béèrè ohun tó yẹ kó o béèrè."

"Mo ti gbé agogo màlúù sọ́rùn níwájú gbogbo ìlú. Kí ló tún kù?"

"Kó o fi ẹnu sọ ọ́, awakọ̀ mi."

Ó sọ ọ́. Burgi ní bẹ́ẹ̀ ni, ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni kí wọ́n yọ koríko náà.

Àwọn méjèèjì yíjú sí Gidi. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé ife kan síwájú Korbinian, ó sì bu ọtí sí i títí ó fi ń ṣàn sórí tábìlì.