Òfì Méjì Nínú Yàrá Kan

Lọ́jọ́ tí ọba pàṣẹ pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ ìsinmi àwọn onígbàgbọ́ yóò wẹ̀wọ̀n, gbogbo òfì ìlú ló ń ró kíkankíkan. Àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ rárá pàápàá wá iṣẹ́ ṣe.

Òfì méjì ló wà nínú yàrá Ìyá Aláṣọ, ẹni tó ń hun aṣọ fún ààfin. Tirẹ̀ nìkan ló ń ró. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó ti èkejì, ó gbọ́wọ́ lé itan. Láti ìgbà tó ti ṣèrìbọmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Oníwàásù ní kí kálukú mú ẹnì kan wá."

"Mú ewúrẹ́ ilé yìí lọ. Òun náà ò níṣẹ́ lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Jọ̀ọ́, fọwọ́ kan òfì yẹn. Ariwo rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ mo ti ṣèlérí pé mi ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi bí òní."

Ìyá Aláṣọ túbọ̀ mú kí òfì tirẹ̀ ró sókè. Òun ló tọ́ ọmọ yìí lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ó sì mọ irú ẹ̀wọ̀n tó wà ní ààfin.

Ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ ọba dún lójúde, ó sì dúró. Ìyá Aláṣọ fa ọ̀bẹ yọ, ó gé gbogbo òwú orí òfì àbúrò rẹ̀, aṣọ tí ọba fẹ́ wọ̀ jókòó sórí ìtẹ́. Ìránṣẹ́ náà wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọba," Ìyá Aláṣọ wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá, òfì méjì ni mo mọ̀ níbí. Ọ̀kan ni mo gbọ́."

"Òwú èkejì ló já."

Ìbẹ̀rù ti mú un gbàgbé pé ìdí òfì ni ìyá ìránṣẹ́ yìí ti tọ́ ọ dàgbà. Ọkùnrin náà tẹ̀ ba, ó fọwọ́ pa òwú náà. Ẹnu òwú tó já fúnra rẹ̀ kì í dọ́gba. Eléyìí dọ́gba pátá.

"Ọ̀bẹ ló gé e. Aṣọ ọba. Ta ló gé e?"

Àbúrò la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n ti ṣíwájú rẹ̀.

"Èmi ni. Inú ló bí mi."

Wọ́n mú un lọ sẹ́wọ̀n. Ọba yẹn ti wàjà kí Ìyá Aláṣọ tó jáde. Ọba tuntun ti fún àwọn onígbàgbọ́ nílẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ ilé ìjọsìn sí i. Ẹ̀wọ̀n ti ba àwọn ìka Ìyá Aláṣọ jẹ́, wọn ò ká mọ́, kò sì lè hun aṣọ mọ́ láé. Oníwàásù mú un síwájú ìjọ, ó ní obìnrin yìí ló kọ́kọ́ jìyà nítorí ìgbàgbọ́ nílùú yìí.

"Mi ò gba nǹkan kan gbọ́ lọ́jọ́ yẹn," Ìyá Aláṣọ wí. "Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n mú àbúrò mi lọ ni."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún níbi tó jókòó sí.

Títí ó fi kú, tí ọjọ́ ìsinmi bá dé tí gbogbo òfì ìlú dákẹ́, tí ìlú ń kọrin, Ìyá Aláṣọ a máa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa tẹ́tí bóyá ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ ọba ń bọ̀.