Àmì Dúdú Lórí Ẹní Ìkírun

Ìlàjì ojú ọkùnrin náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìlàjì kejì sì jẹ́ awọ tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni Humaira ṣe kọ́kọ́ rí Basit, níwájú dígí, lẹ́yìn gbọ̀ngàn eré kan ní Hyattsville, lọ́jọ́ tó gbé kóòtù tó bá àwọn òṣèré tún rán wá.

"Ṣé iná ló jó yín ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Èédú ni. Ìdérí ìgò ọtí, èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, la jó, a sì fi òróró pò ó."

"Ọtí kẹ̀!"

"Ìdérí nìkan ni mo rà, arábìnrin. Ẹ má fẹjọ́ mi sun Lémọ́mù."

Humaira rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Basit kò pẹ́ lójú ní tiẹ̀. Ó ṣàlàyé pé láyé ijọ́un, nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, àwọn òyìnbó a máa kun ojú wọn báyìí, wọ́n á máa rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n á máa sín àwọn ẹrú jẹ lórí ìtàgé. Mínsírẹ́lì ni wọ́n ń pe eré ọ̀hún. Nígbà tí oko ẹrú tú, àwọn aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n mọ orin, wọ́n mọ ijó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní àfi kí àwọn náà kun ojú.

"Ẹni tó dúdú tẹ́lẹ̀?"

"Ẹni tó dúdú tẹ́lẹ̀. Wọ́n kùn ún, wọ́n sì ń sùn sínú ọkọ̀ ojú irin, torí òtẹ́ẹ̀lì ò gbà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni mò ń ṣe."

Humaira jókòó wo eré náà tán. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún padà wá, kò sì sí kóòtù kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìfẹ́ wọn ò pariwo. Wọ́n jọ ń wọ básì, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà nínú bébà kan. Adúmáradán ni Basit ń pè é. Láti kékeré ni Humaira ti dé Amẹ́ríkà. Kò mọ̀ rí pé wọ́n lè fi dúdú kẹ́ èèyàn.

Ọjọ́ tí Basit lọ kí bàbá Humaira, Alhaji Mùtàlíbù, ní Camp Springs, orí ìtàgé ló ti sáré bọ̀. Ó bọ́jú, ṣùgbọ́n kò fọ̀ ọ́ dé ìdí irun. Ìrun Alásàrì tó, wọ́n forí kanlẹ̀. Nígbà tí Basit gbórí sókè, àmì dúdú roboto ló kù lórí ẹní funfun tí Alhaji gbé bọ̀ láti Mẹ́kà.

"Kí nìyí?"

"Èédú eré ni, sà. Ẹ dákun."

"Ṣé òróró wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà, sà."

"A jẹ́ pé omi àlùwàlá ò kan ara rẹ. Inú pálọ̀ mi lo ti wá ń tan Ọlọ́run jẹ!" Alhaji dìde. "Alárìnjó! Ọmọ Yorùbá wá kun ojú bí ìnàkí kí òyìnbó lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Kò sí yìgì láàárín ìwọ àti Humaira."

Níta, Basit sọ fún Humaira, "Màá fi eré sílẹ̀."

"Kí o fi í sílẹ̀, kí o wá máa wò mí bí ẹni tó jí nǹkan rẹ? Rárá o. Mi ò sì ní so yìgì láìsí àdúà bàbá mi. A ó dúró."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé kéèyàn sá lọ ni ìfẹ́, ẹ dúró wò ná, kẹ́ ẹ rí i bí ìdúró ṣe le tó.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré Basit ń múra àtigbéra lọ sí ìlú mìíràn, Humaira kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán tẹ́ ẹ ṣì ní rárá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ mọ́."

Alhaji bá Humaira lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe eré náà ní Adelphi, ó jókòó sẹ́yìn, ó lejú koko. Basit jáde tòun ti èédú lójú, ó ń tàkìtì, ó ń yí ojú po, ẹ̀rín àwọn òǹwòran ayé àtijọ́ sì ń dún láti inú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ó ku òun nìkan. Ẹ̀rín dákẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, bí ẹni tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pa á dé.

"Mo bá wọn rẹ́rìn-ín," ló wí. "Àwọn ọmọ mi sì rí oúnjẹ jẹ."

Alhaji sorí kọ́. Níbi iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe nílùú yìí, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a máa sín ohùn rẹ̀ jẹ lásìkò oúnjẹ, wọ́n á ní kó tún un sọ. Á tún un sọ. Kò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ rí.

Nígbà tí ìrun Mágàríbì tó, ó bá Basit nídìí omi, tó ń ha ojú bí ẹni ń ha ìkòkò.

"Kò tíì kúrò, sà. Mi ò tíì lè kírun."

Alhaji ṣí fìlà, ó fi ọṣẹ sí áńkáṣíìfù rẹ̀. "Gbé ojú wá." Ó nù ún ní ìdí irun, ó nù ún lẹ́yìn etí, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. "Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Ó pẹ́."

Omi ẹ̀rọ àti omi ojú Basit jọ ń ṣàn lọ.

Lẹ́yìn tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe àlùwàlá, Alhaji tẹ́ ẹní Mẹ́kà rẹ̀ tó gbé wá nínú mọ́tò. Àmì náà ṣì wà níbẹ̀; Humaira ti fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. "Bọ́ síwájú, kí o ṣe Lémọ́mù wa. Ojú àmì yẹn gan-an ni kí o forí lé."

Nígbà tí wọ́n sálámà tán, ó ní, "Kí àwọn òbí rẹ pè mí láti Ìbàdàn. Kẹ́ ẹ tó gbéra, a ó so yìgì."

Basit yíjú sẹ́yìn sí Humaira, níbi tó kúnlẹ̀ sí pẹ̀lú omijé lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ojú rẹ ti mọ́," ni Humaira wí.

"Ó ṣì dúdú, adúmáradán."

Alhaji ń ká ẹní rẹ̀. "Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn," ló wí. "Ẹ dìde, ká lọ jẹun."